Ọkọ Tí Kò Nílé

Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ wá tọrọ mi ní Ìdànrè, bàbá mi ti parí ìwádìí. Ó ti rán ènìyàn lọ sí Òfosù, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, láti bèèrè bóyá olè tàbí wèrè wà nínú ìran wọn. Wọn ò rí nǹkan kan. Ohun tó kù kò ju kó dọ̀bálẹ̀, kó jókòó, kó sì pa ẹnu mọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn ìran ọ̀rọ̀ òyìnbó, ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá, ló kà ní yunifásítì, ẹnu sì máa ń yún un. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, bi í bóyá ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní husband. Ọ̀rọ̀ sùúrù àti ìtọ́jú ni bàbá ń retí. Àfẹ́sọ́nà mi jókòó gúnrégé. Ó ní ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀, pé àwọn jagunjagun orí omi láyé àtijọ́ ló gbé e wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ìkíní ni ilé, ìkejì ni ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, tó ń dáko. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ kan ìyàwó rárá. Mo ń ṣẹ́jú sí i kó lè dákẹ́. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Inú bàbá mi dùn bí ẹni tí pàkúté rẹ̀ mú ọ̀yà. "Ilé tìrẹ dà? Oko kòkó ńkọ́?"

Yàrá kan ló háyà ní Àkúrẹ́. Oko rẹ̀ kò ju efinrin inú agolo lọ. Bàbá ní kó lọ kọ́lé ná kó tó padà wá. Mo mọ àwọn tí àpáta Ìdànrè kò jẹ́ kí ìpìlẹ̀ ilé wọn wọlẹ̀ títí wọ́n fi hewú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń bó ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. "Ọkọ mi" ni ìyá mi ń pè é, bí ìyàwó ilé ti ń pe ọmọ ilé.

"Àbúrò mi," ó ní, "ta ló kọ́ ilé tí a jókòó sí yìí?"

Bàbá mi wo àjà.

"Èmi ni. A jẹ́ pé èmi nìkan lọkọ tó wà níbí. Ṣé kí ìyàwó rẹ máa palẹ̀ ẹrù mọ́?"

Bàbá mi ní kí wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá fún àlejò. Bó ṣe gbà nìyẹn.

A ṣì ń háyà ilé ní Àkúrẹ́. Bí lanlọ́ọ̀dù bá kan ilẹ̀kùn, ọkọ mi kì í pìtàn ọ̀rọ̀ kankan. Bí bàbá mi bá sì wá kí wa, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìgbà tí a ó kọ́ tiwa, màá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, màá kúnlẹ̀ dáadáa.

"Bàbá, ẹ bá wa kí onílé yín."