Ta Ló Kó Ìrẹsì Sínú Àpò?

Mi ò lè gbàgbé ọdún tí ìjọba ti ibodè pa nítorí ìrẹsì òkèèrè, torí ọdún náà ni mo mọ̀ pé ẹnu mi ju àyà mi lọ. Tíṣà ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, nílé ìwé ìjọ kan ní Ìlaró, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀tọ́ aráàlú tó mi ní gbogbo ilẹ̀ Yewa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, tí mò ń pè ní Màmá, ń dáko ìrẹsì lẹ́yìn Ọjà-Ọ̀dàn. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo lọ bá a kórè. Ó ṣa èyí tó yọmọ jù lọ sọ́tọ̀ fún irúgbìn, tèèpotèèpo, ó sì lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Àwọn àpò rẹ̀ ti gbó. Èmi ọlọ́gbọ́n bá lọ tọrọ àpò òfìfo lọ́jà, àwọn funfun tó nípọn, tí wọ́n kọ èdè Faransé gàdàgbà sí lára. Àpò mẹ́ta ni mo dì, tí mo rán ẹnu wọn. Nígbà tí Màmá dé, tí kò sì mọ̀wé kà, ó ní àpò náà mà dáa o. Inú mi dùn.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kó wá sójú ọ̀nà ya wọ àdúgbò wa, wọ́n ní àwọn ń wá ẹrù fàyàwọ́. Wọn ò tú àpò kankan wò. Wọ́n ka Faransé tó wà lára rẹ̀, ó parí, wọ́n gbé e jù sínú ọkọ̀. Wọ́n wọ ilé àwọn obìnrin mìíràn náà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ. Màmá ò sunkún, ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Irú ìrẹsì tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni, kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́ lágbègbè wa, òjò sì ti sún mọ́lé. Bí irúgbìn yẹn bá lọ, oko rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ìyálọ́jà bá pe ìpàdé. Ó ní a ó lọ sí àgọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí òkúta, kò sí èébú, a ó jókòó sílẹ̀ títí wọn yóò fi sọ òfin tó ní kí wọ́n máa wọlé onílé. Ta ni yóò kọ páálí tí a ó gbé lọ́wọ́ bí kì í ṣe tíṣà? Mo kọ ọ́ gbàgàdà: Ẹ JÍHÌN FÚN WA. Mo tún dúró, mò ń ṣàlàyé ohun tí ìjíhìn jẹ́ fún àwọn ìyá tó kọ́ mi ní èdè Yorùbá. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú àgọ́ náà. Oòrùn mú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé ìbọn kọ́ àyà, wọ́n ń wò wá, ọ̀kan nínú wọn sì ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú wa bí ẹni ń wá ẹni tí yóò bá jà. Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn jáde, ọmọ Yorùbá ni, ó ka páálí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn àpò Màmá wá.

Ó ní, “Ẹ káre. A ó jíhìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jíhìn fún mi. Ta ló kó ìrẹsì sínú àpò yìí?”

Ó ní onítọ̀hún ń bá wọn lọ sí àtìmọ́lé ní Abẹ́òkúta. Páálí wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ dìde, kí n má parọ́, ṣùgbọ́n mo gbé páálí náà sókè díẹ̀ kí ó lè bo ojú mi. Ẹ̀rù bà mí, ó tán. Màmá wò mí lẹ́ẹ̀kan, kò pẹ́, ó fọwọ́ tilẹ̀, ó dìde.

“Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u wò.”

Wọ́n tú u. Ìrẹsì eléèpo tú yaa sílẹ̀. Ta ló ń ti Kùtọnù ṣe fàyàwọ́ irúgbìn? Ojú ti ọ̀gá náà, ṣùgbọ́n ojú ìjọba kì í tì tán: ó ní kò ní kó ẹrù ẹnikẹ́ni sílẹ̀ àfi bí Màmá bá tẹ̀ka sí ìwé pé òun lo àpò òkèèrè, òun ò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Màmá tẹ̀ka. Wọ́n kó ẹrù gbogbo wa sílẹ̀. Àwọn obìnrin fi orin sìn mí wọlé, wọ́n ní tíṣà gbìyànjú.

Ìjà ò dọlà, orúkọ ní ń sọ ni. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe Màmá ní Ìyá Fàyàwọ́, wọ́n ń fi ṣeré, eré náà dé inú ìjọ, wọ́n sì ní kó rọra yẹ̀ kúrò lórí ìjókòó àwọn ìyá ìjọ ná. Ó yẹ̀. Kò sọ orúkọ mi fún ẹnikẹ́ni, kò sì bi mí léèrè.

Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìpàdé ni wọ́n ti pè mí sí láti wá sọ̀rọ̀ lórí bí ìjọba ṣe gbọ́dọ̀ jíhìn fáráàlú, mo sì máa ń sọ ọ́ dáadáa. Màmá ṣì ń dáko. Bí mo bá lọ kí i, a máa ń sọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ ẹyẹ tó ń jẹ ìrẹsì, mo máa ń gbé ẹ̀bẹ̀ pé kó dárí jì mí dé ètè, n óò tún gbé e mì. Mo ti wá kọ ọ́ síbí yìí, lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Màmá ò mọ̀wé kà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀.