Ọkọ̀ Oníná Tó Ń Mu Epo

Aṣọ́bodè náà wọ abẹ́ ọkọ̀ wa, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó jáde, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó rí nǹkan he.

"Màmá, ẹ ní iná ni ọkọ̀ yìí ń lò?"

"Iná ni."

"Kí wá ni táǹkì epo ń ṣe lábẹ́ rẹ̀?"

Ẹni tó bá ń gbé agbègbè Yewa mọ ohun tí ìbéèrè yìí túmọ̀ sí. Àwọn onífàyàwọ́ a máa jó táǹkì kejì mọ́ abẹ́ ọkọ̀, wọn a rọ epo bẹntiróòlù kún un, wọn a gbé e sọdá ibodè. Ọkọ̀ tí wọ́n bá bá irú táǹkì bẹ́ẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, inú ọgbà àwọn aṣọ́bodè ló ń lọ, koríko ni yóò sì hù gba inú rẹ̀ jáde. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní nìyí. A ti kó ẹ̀gẹ́ àwọn àgbẹ̀ Ìfọ́nyìntẹ̀dó kún un, à ń gbé e lọ sí ilé ìrẹ́gẹ́ wa ní Ìlaròó, níbi tí a ti ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe gàrí. Bí wọ́n bá gba ọkọ̀ náà, wàhálà gbogbo ẹgbẹ́ ti wọmi, ipò alábòójútó ọkọ̀ tí mo dì mú yóò sì bọ́ sọ́wọ́ Díákónì Fágbohùn. Èyí kejì ló dùn mí jù.

Ó yẹ kí ẹ mọ Díákónì. A jọ ṣiṣẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Ayétòrò. Físíìsì ni mo ń kọ́ wọn, Bíbélì ni òun ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ń wá igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, òun ni wọ́n mú. Wọ́n ní ohùn obìnrin kò lè dé ẹ̀yìn pápá. Èmi tí mo bá pe ọmọ ní kíláàsì, ará ọjà a dáhùn! Bó ṣe di igbákejì ọ̀gá, ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ kan mo wọlé, mo bá a tó fi bíkà tí a fi ń wọn ásíìdì rẹ gàrí. Ó ní òun rò pé ife ni. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo dúró wò ó títí.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí n lè sinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́, òun náà fẹ̀yìn tì, ó wọ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ fi èmi ṣe alábòójútó ọkọ̀, wọ́n sì fi òun ṣe olórí àdúrà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi àdúrà bá mi jà.

Lọ́rì wa àtijọ́ kú, epo dísẹ́ẹ̀lì sì ti gbówó lórí ju ẹ̀gẹ́ tó ń gbé lọ. Ìgbà náà ni ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀ wá láti Èkó, ó fi àwòrán irú ọkọ̀ akẹ́rù méjì hàn wá. Ọ̀kan, bátìrì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Èkejì, bátìrì wà, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń mu epo sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í yí táyà rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé bí bátìrì bá ti ń rẹ̀, yóò ta jí fúnra rẹ̀, yóò máa ṣe iná fún un, kí ọkọ̀ lè délé. Múfú dírẹ́bà wa ló sọ ọ́ lórúkọ: jẹnẹrétọ̀ abẹ́ àga.

Díákónì ní bátìrì nìkan ni ká rà, nítorí Ìwé Mímọ́ ti sọ pé ènìyàn kò lè sin olúwa méjì. Àwọn kan ṣe àmín. Èmi dìde, mo kọjú sí ọkùnrin Èkó.

"Ọ̀nà jíjìn tí ẹ ní bátìrì yìí lè rìn, ẹrù wo ló wà lórí ọkọ̀ nígbà tí ẹ wọ̀n ọ́n?"

"Kò sí ẹrù, Màmá."

"Ojú ọ̀nà wo?"

"Ọ̀nà tó dán ni."

"Ta ló wà nínú rẹ̀?"

"Dírẹ́bà nìkan."

"Ṣé ó sanra?"

Ó wo gbogbo ìpàdé bóyá ẹnìkan máa gbà á sílẹ̀.

Mo ní kí ẹgbẹ́ gbọ́. Ọkọ̀ tó ṣófo lórí ọ̀nà tó dán kì í ṣe tiwa. Ẹrù wa wúwo, ẹrẹ̀ wa jìn, ọkọ̀ àwọn oníṣìmẹ́ńtì Ìbẹ́ṣè sì ti gbẹ́ kòtò sí ojú títì. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí, kí ó ro lílọ pẹ̀lú bíbọ̀, kí ó rò ó pẹ̀lú ẹrù, ní ìgbà òjò. Lẹ́yìn náà kí ó bi ara rẹ̀ pé bí iná ìjọba bá lọ, tí kò wá mọ́, níbo ni ọkọ̀ òun yóò sùn? Iná Ìlaròó dà bí àna: kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀, kì í pẹ́ tó bá dé. Mo tún sọ òtítọ́ kejì fún wọn. Ọkọ̀ tó ní nǹkan méjì nínú, oníṣẹ́ méjì ni yóò máa tún un ṣe. Mẹkáníìkì yóò ní wáyà ló bàjẹ́, ríwáyà oníṣẹ́ iná ọkọ̀ yóò ní ẹ́ńjìnnì ni, ẹ̀yin yóò dúró láàárín wọn bí ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ń jà. Síbẹ̀, ìyẹn sàn ju kí ẹ̀gẹ́ rà sínú igbó.

Wọ́n nawọ́, àwọn tó tẹ̀lé tèmi ló pọ̀ jù. Díákónì ló gbàdúrà sí ọkọ̀ náà nígbà tó dé. Ó ní kí Ọlọ́run dárí ji àwọn tó ra ohun ẹlẹ́nu méjì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé iwájú aṣọ́bodè. Ọ̀gá rẹ̀ wà lórí àga lábẹ́ igi fúrúùtù, ó gbọ́ ẹjọ́ wa, ó sì dá a.

"Bí iná ló ń lò, kò nílò epo. Bó bá nílò epo, kì í ṣe oníná. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ń purọ́. Ẹ wà á wọlé."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "fóònù ọwọ́ yín yẹn, ṣé ó ń mu epo?"

"Rárá o."

"Kí lẹ fi ń cháàjì rẹ̀ bí iná bá lọ?"

"Jẹnẹrétọ̀."

"Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo. Ṣé fóònù yín wá di ti onífàyàwọ́?"

Ọ̀gá yí fóònù náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa bí ẹni tó ń wá táǹkì. Ó wá ní ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ẹ̀rí. Kí ọkọ̀ náà máa yípo pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí bátìrì yóò fi tán. Bí ẹ̀rọ náà bá jí fúnra rẹ̀, a ti bọ́. Bí kò bá jí, ọkọ̀ ti di ti ìjọba.

Ẹnu ìyẹn la wà tí Díákónì sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Kò ní oko níbẹ̀, kò ní ìbátan níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú àsìkò," ni ọ̀gá wí. "Ẹ wọ iwájú ọkọ̀ yìí, kí ẹ ṣe ẹlẹ́rìí wa."

Díákónì ní ẹ̀yìn ń dun òun. Wọ́n gbé e sókè.

Mo ní kí Múfú tan gbogbo ohun tó ń jẹ iná: iná iwájú, wáípà, rédíò, atẹ́gùn tútù dé òpin. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yípo pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà sọ̀kalẹ̀ wòran, àwọn tó ń ta búrẹ́dì gbé igbá wọn sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn àjò o! Ṣé ẹ ti dé Kútọnù?"

"Ẹ bá wa kí wọn lọ́hùn-ún! Ẹ ní *bọ́ńjúù*!"

Òtútù ti mú Díákónì débi pé ó fa fìlà bo etí méjèèjì. Ojú mi wà lára rẹ̀, etí mi wà lábẹ́ ọkọ̀, torí ẹ̀rọ náà kò tíì jí, ọkọ̀ sì ti ń fà tìkọ̀tìkọ̀. Lójijì, ó bú ramúramù lábẹ́ àga Díákónì.

"Jésù!" Ó ti ṣí ìlẹ̀kùn, ó ti fò sílẹ̀, fìlà rẹ̀ ti wọ abẹ́ táyà.

Aṣọ́bodè kékeré pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá rẹ̀ bojú wo Díákónì, ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ ná. Ṣé kì í ṣe ohùn yín ló pè wá láàárọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, pé epo ni wọ́n ń kó sọdá?"

Díákónì fa fìlà rẹ̀ yọ, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù.

"Ìlú ni mo ń ràn lọ́wọ́," ó ní.

Wọ́n dá wa sílẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé e wá ti rí èrò mìíràn, ó ti lọ. Mo ní, "Díákónì, ẹ wọlé." Ó ní òun yóò fẹsẹ̀ rìn. Ìlaròó kò kúkú jìnnà mọ́.

Ohun tí àwọn tó ń tajà kì í sọ fún ni nìyí: ẹ̀rọ yẹn kéré. Bí bátìrì bá ti gbẹ pátápátá, tí ẹrù kún ọkọ̀, tí òkè sì wà níwájú, ìrìn ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ yóò máa rìn. Múfú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí. Ọkọ̀ ń lọ, Díákónì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Bí ó bá yára kó lè fi wá sílẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò dé, a ó bá a. Bí ó bá dúró kí a lè kọjá, òkè yóò dé, òun yóò bá wa. Mo wo iwájú. Òun náà wo iwájú.

"Màmá," ni Múfú wí, "ṣé kí n fun fèrè fún wọn?"

"Fun ún."

Báyìí la ṣe wọ ilé ìrẹ́gẹ́. Àwọn obìnrin ti ń dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ, ẹ̀rù ti ń bà wọ́n pé ẹ̀gẹ́ ti ṣòfò. Wọ́n rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n rí Díákónì níwájú rẹ̀, òógùn bò ó, eruku bò ó, ó di fìlà mú lọ́wọ́.

"Ẹ wo Díákónì! Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sin ọkọ̀ wa wálé!"

Wọ́n kúnlẹ̀ fún un. Wọ́n gbé àga wá, wọ́n bu omi tútù fún un. Mo sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Màmá, ẹ kú ìjókòó o."

Díákónì mu omi náà tán. Ó ní, "Kò sí ohun tí ènìyàn kò lè ṣe fún ẹgbẹ́."

Mo sọ òtítọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n má ṣe ìlara. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, wọ́n fi í jẹ Bàbá Ọkọ̀. Èmi ti fi iṣẹ́ alábòójútó sílẹ̀ báyìí, ọkọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀gẹ́ kankan kò rà sọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tiyín, ẹ ra èyí tó ní ẹ̀rọ lábẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ cháàjì bátìrì rẹ̀ kún kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì sáré. Bí ẹ bá rọra rìn, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.