Súwẹ́tà Márùn-ún tí Ìyá Dá Padà

Ọláníkẹ́ ló ń hun súwẹ́tà fún àwọn ọmọ iléèwé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Bí ooru ṣe ń mú tó ní Surulere, tí èèyàn ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lòun máa ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òwú wúùlù á wà lórí itan rẹ̀, á máa fa ọwọ́ máṣíìnì lọ sọ́tùn-ún, á máa fà á bọ̀ sósì. Àwọn ará àdúgbò kì í pe orúkọ rẹ̀. Àǹtí Súwẹ́tà ni wọ́n ń pè é.

"Àǹtí Súwẹ́tà, ṣé òtútù ti dé Surulere ni?"

Á rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n mọ̀ nípa òtútù? Níbi tí wọ́n bí òun sí, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Òkè-Ìlàrí lorúkọ ìlú náà, lẹ́yìn Ṣakí. Orí àpáta ni gbogbo ilé wà. Mọ́tò kì í dé òkè. Ìsàlẹ̀ ló ti ń já èrò sílẹ̀, kálukú á sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún. Tí ọ̀yẹ́ bá mú, àwọn àgbàlagbà á jókòó ti iná títí oòrùn á fi yọ. Àṣà kan wà níbẹ̀: ọmọbìnrin tó bá bí àkọ́bí rẹ̀ sí ìdálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pọ̀n ọ́n gun òkè lọ bá ìyá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a gbà á. Àwọn obìnrin á máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú orin, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Nígbà Àjíǹde 1987, àbúrò Ọláníkẹ́ pọ̀n tirẹ̀ gòkè. Ọláníkẹ́, tó ti lo ọdún mẹ́wàá nílé ọkọ, ń bọ̀ lẹ́yìn. Obìnrin kan pariwo láàárín èrò pé, "Ẹ gbé korobá omi fún Ọláníkẹ́ o! Òun ni ẹ̀yìn ẹ̀ fúyẹ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó sì gbé omi náà dé òkè.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, ó dìde láàárín ìjọ, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ẹsẹ̀ òun kò ní í tẹ òkè náà mọ́, àfi tí Ọlọ́run bá fún òun lọ́mọ tí òun yóò pọ̀n gùn ún. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀jẹ́. Abọ́dúndé ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú, jókòó tì í. Abọ́dúndé ní, "Àmín." Ìgbàgbọ́ Ọláníkẹ́ gbóná lọ́jọ́ náà débi pé ó ra ọ̀já ìpọ̀nmọ kó tó délé.

Ọmọ kò dé. Ní 1990, Abọ́dúndé kú. Ọláníkẹ́ ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ́ ṣì wà nínú ìwé. Láti ọdún tó ti jẹ́ ẹ, ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe fún ìyá rẹ̀ ni pé bí oṣù Kejìlá bá ti dé, yóò hun súwẹ́tà kan, yóò fi rán Ṣàíbù ará Òkè-Ìlàrí, awakọ̀ lọ́rì tó ń kó iṣu wá sí Mushin láti ọ̀nà Ṣakí. Ọdún márùn-ún, súwẹ́tà márùn-ún.

Lóṣù Kẹsàn-án 1992, Ṣàíbù gbé ìdì kan dé ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì kan.

"Ìyá ní kí n gbé e fún yín lọ́wọ́. Ní Sátidé ni mò ń padà."

Ọláníkẹ́ tú ìdì náà. Súwẹ́tà márààrún ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi ègé àńkárá lẹ ìgbúnwọ́ ti àkọ́kọ́. Òórùn èéfín igi wà lára gbogbo wọn. Ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò.

"Ọláníkẹ́, èmi ni. Wọ́n ní kí n máa sọ̀rọ̀ sí nǹkan yìí, mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́." Ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìn ohùn náà. "Ojú mi ọ̀tún ti lọ. Ti òsì ń tẹ̀ lé e. Dókítà tó gun òkè wá wò mí ní kí ọ̀yẹ́ tó dé, òun náà á ti lọ. Mi ò gbàgbé ojú rẹ o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tún un rí. Súwẹ́tà rẹ rèé, gba nǹkan rẹ. Òtútù tó ń mú mi, wọn ò bò ó. Wọ́n ní ẹ̀jẹ́ ni kò jẹ́ kó o wá. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó o fẹ́ fi òkè yìí jẹ́ ẹ̀jẹ́, o ò bi mí léèrè. Èmi tí mò ń gbé orí ẹ̀ ńkọ́? Ìwọ lo jẹ́ ẹ, Ọláníkẹ́, èmi ló dè." Ohùn rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ṣé ó ti tó?"

Ohùn ọkùnrin kan ní, "Ó ti tó, Ìyá." Kásẹ́ẹ̀tì dúró.

Kíkẹ́, onídìrí tó ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí Ṣàíbù gbé Ìyá wá."

"Orúnkún wọn ò ṣe é tẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin fẹ́ gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọsibítù lésìí, Ìyá ní ẹnikẹ́ni ò ní gbé àwọn kúrò lórí òkè bí òkú nígbà tí àwọn ṣì ń mí."

"Ó dáa, ẹ pọ̀n Àánúolúwapọ̀ ọmọ mi lọ. Ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Ọlọ́run ò ní sọ pé ẹ̀yìn yín fúyẹ́."

"Ta ni mo fẹ́ tàn jẹ, Kíkẹ́? Ọlọ́run tó mọ ìyá ọmọ?"

"Ẹ má bínú. Á kúkú tọ̀ sí yín lára."

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọláníkẹ́ lọ bá Alàgbà Ìbíkúnlé, tó ń tọ́jú ìwé ẹ̀jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Baba náà gbé ìwé ẹ̀jẹ́ jáde, ó ṣí i síbi tí orúkọ rẹ̀ wà. Tàdáwà náà kò tilẹ̀ ṣá.

"Baba, ṣé a ò lè fagi lé e?"

"Ta ni yóò di gègé ìkọ̀wé mú, ọmọ mi? Òfin Mósè gba ọkọ láàyè láti fagi lé ẹ̀jẹ́ aya lọ́jọ́ tó bá gbọ́ ọ. Ọkọ rẹ gbọ́."

"Ó ní àmín, Baba."

"Mo wà níbẹ̀. Opó lo sì jẹ́ báyìí, kò sí ẹni tó kù." Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Gbààwẹ̀. Ìgbà tí Sárà darúgbó ló bímọ."

"Baba, Sárà ní ọkọ."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu Alàgbà, kò yọ. Ó pa ìwé náà dé.

Ọláníkẹ́ gbààwẹ̀ Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Ó kúnlẹ̀ síwájú máṣíìnì rẹ̀, ó ń bèèrè, kò sí ẹni tó dáhùn. Bẹ́ẹ̀, ó ti ń gbàdúrà láti kékeré, ó mọ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe ń rí. Ti èyí yàtọ̀. Èrò kan wá sí i lọ́kàn, ẹ̀rù sì bà á láti rò ó tán: bóyá Ọlọ́run kò béèrè ẹ̀jẹ́ náà rárá. Bóyá àwọn obìnrin tó fi í ṣẹlẹ́yà lórí òkè ló ń dá lóhùn lọ́jọ́ ìkórè yẹn, tó wá ń pè wọ́n ní Ọlọ́run. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ló ti ń gbọ́ràn sí lẹ́nu láti ọdún márùn-ún? Bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé Ọlọ́run gbọ́, tó sì ń dúró de ọmọ tí kò fún un ńkọ́? Kò mọ èyí tó burú jù. Ohùn ìyá rẹ̀ nìkan ló dá a lójú. Èmi ló dè.

Àárọ̀ Sátidé, Ṣàíbù dúró lẹ́nu ọ̀nà, lọ́rì ń kùn lójú títì.

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ kí n bá yín gbé lọ?"

"Èmi ni."

Ṣàíbù wò ó. Kò sí ará Òkè-Ìlàrí tí kò gbọ́ ìtàn náà. "Ẹ̀jẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà nínú ìwé."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó ń bà mí, Ṣàíbù. Lọ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò."

Kíkẹ́ bèèrè ohun tí òun máa sọ fún ọ̀gá iléèwé tó ń retí súwẹ́tà. Ọláníkẹ́ ní kó sọ pé òun lọ kí ìyá òun. Ó fa ọ̀já ìpọ̀nmọ jáde lábẹ́ àpótí, ó tú u, ó fi bo máṣíìnì nítorí eruku. Ó ti ilẹ̀kùn.

Súwẹ́tà àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n lẹ ìgbúnwọ́ rẹ̀, ló wọ̀ sára.

"Nínú ooru yìí?" Ṣàíbù ní. "Ara yín dá ṣá?"

Ọláníkẹ́ wọ inú lọ́rì. Ó fẹ́ gbàdúrà ìrìn àjò. Ọpẹ́ ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ọpẹ́ náà kò wá. Níkẹyìn ó ní, "Ọlọ́run, mò ń lọ o," ó sì tẹ́tí. Títí wọ́n fi kọjá Ìlúpéjú, ẹ́ńjìnnì lọ́rì nìkan ló ń gbọ́. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Kò bọ́ súwẹ́tà náà.