Bẹ́líìtì Tó Wà Lórí Ìkòkò Ọbẹ̀

Àpò ìrẹsì kan wà nínú búùtù ọkọ̀ mi tí ìyàwó mi kì í fẹ́ rí sójú. Kò sí ìrẹsì nínú rẹ̀. Pílọ́ọ̀gì ló wà níbẹ̀, họ́ọ̀sì rédíétọ̀, bíréèkì páàdì àti bẹ́líìtì fáànù, gbogbo ohun tí kò tíì bàjẹ́ lára ọkọ̀ ṣùgbọ́n tó lè bàjẹ́ lọ́la. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ àpò. Bó bá ti rí ojúlówó páàtì, á rà á sílẹ̀, á sì fi ọ̀dà funfun sàmì sí i lára kí mẹkáníìkì má bàa fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kú, ọkọ̀ àti àpò di tèmi, èmi náà sì ń rà kún un. Ìyàwó mi a máa bi mí pé ìgbà wo ni mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ so yìgì ọmọbìnrin òun, kí n má rán ẹnikẹ́ni. Kí èmi fúnra mi jókòó síbi tí òun ì bá jókòó sí, kí n fa ọmọ náà lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ṣèlérí fún un.

Ọjọ́ yìgì pé. Màlété ni wọ́n ti fẹ́ so ó, níbi tí ìyá ọmọ ti ń tajà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àlùfáà ní aago mẹ́wàá ni, nítorí ó ní yìgì mìíràn láti so nígboro Ìlọrin lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi ti ra wàrà ní ọjà Ìpàtà láti àná, ó sì se ọbẹ̀ wàrà ìkòkò ńlá kan fún àwọn àgbà. Òun ló di ẹrù sí búùtù. Èmi ń wá fìlà mi kiri inú ilé, n kò bojú wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

A ti rìn ju ìdajì ọ̀nà lọ nígbà tí nǹkan já pàá níwájú. Iná bátìrì tàn, ooru ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Mo páákì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo bá bẹ́líìtì fáànù tó ti já sí wẹ́wẹ́. Kí n má purọ́, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀. Mo yọ sípánà abẹ́ àga, mo ní kí ìyàwó mi wá wo ìwúlò ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ṣí búùtù. Àpò kò sí níbẹ̀.

“Mo ti kó o sílé,” ló wí. “Ibo lẹ fẹ́ kí n gbé ọbẹ̀ sí?”

Inú bí mi débi pé mo sọ ọ̀rọ̀ tí n kò ní kọ síhìn-ín. Ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kọjá, gbogbo wọn kún dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò sí èyí tó dúró. Aago mẹ́wàá kọjá. Àlùfáà pè mí.

“Àlàájì, ẹ fi àṣẹ lé ẹnì kan lọ́wọ́ lórí fóònù yìí, kó dúró fún yín. Ó tọ́ nínú ẹ̀sìn.”

“Mo mọ̀ pé ó tọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí.”

“Tó bá di mọ́kànlá, mo gbọ́dọ̀ máa lọ.”

Mo jókòó sórí òkúta létí títì, ojú ń ti mí níwájú ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú. Ìyàwó mi lọ dúró ti búùtù, ó ń wo ìkòkò rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó pè mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Àlàájì, ẹ má bínú. Kí lẹ ń pe rọ́bà yìí?”

Ó ti mú un nínú àpò kó tó kó ìyókù wọlé, kí ọbẹ̀ má bàa dànù. Ó fi í kọ́ etí ìkòkò kan, ó fà á gba orí ọmọrí, ó sì fi kọ́ etí kejì. Bẹ́líìtì fáànù ni. Epo ti ta sí i, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀dà funfun ẹ̀gbọ́n mi lára rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Gbogbo omi tó wà nínú búta àlùwàlá wa la fi fọ epo ara rẹ̀, ìyàwó mi sì fi ìborùn rẹ̀ nù ún gbẹ. Mo tú àwọn nọ́ọ̀tì, mo fi bẹ́líìtì sí i, mo fún un le bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ́ mi. Omi kò kù láti fi fọ ọwọ́ mi. Ìyàwó mi gbé ìkòkò lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọmọrí mọ́lẹ̀ títí a fi dé Màlété, ọbẹ̀ sì ń ta sí i láṣọ. Kò ráhùn rárá.

Àlùfáà ti wọ bàtà nígbà tí a wọlé. Ó tún bọ́ ọ. Mo jókòó, mo di ọwọ́ ọkọ ìyàwó mú, mo fi ẹnu ara mi fa ọmọ náà fún un. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, irú èyí tí n kò tíì ní láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú.

Lẹ́yìn àdúà ni ìyá ọmọ wá kí mi. Mo fẹ́ fi ọwọ́ mi pamọ́ sábẹ́ agbádá, nítorí ó dúdú fún gíríìsì dé ọrùn ọwọ́. Ó ti rí i. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

“Bí ọwọ́ bàbá ọmọ yìí ṣe máa ń rí nìyẹn,” ló wí.