Ohùn Tí Kò Ní Wáyà ní Pápá Fìdítì

Bí rédíò bá yadi ní Ìlọrà láyé ọjọ́un, ọ̀dọ̀ Ṣàfíù ni wọ́n ń gbé e lọ. Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, ó sin ọ̀gá rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá títí ó fi ṣe fúrídọ́ọ̀mù, kó tó padà wálé wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́bàá títì. Ó lágídí, kì í sì í pariwo. Ẹni tí kì í pariwo yìí gan-an ni wọ́n ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ ariwo: ìkórè ni o, wòlíìmọ̀ ni o, ìpàdé òṣèlú ni o, sípíkà Ṣàfíù ni yóò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àlàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ọkọ òun ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sínú sípíkà, kò ṣẹ́ku èyí tí yóò bá òun sọ nílé.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama àgbègbè wa máa ń pàdé ní Fìdítì fún eré orí pápá, Ṣàfíù ni yóò sì gbé ohùn débẹ̀. Wáyà ló ń fà láti orí tábìlì ẹni tó ń kéde dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pápá. Wàhálà wáyà sì nìyí: èrò kì í wo ẹsẹ̀. Lọ́dún 1991, ẹnì kan wọ́ bẹ́ǹṣì kọjá, wáyà já, igun abẹ́ igi máńgòrò níbi tí àwọn sárésáré ti ń dúró de ìpè sì dákẹ́ lọ gbári. Haneefah, àkọ́bí Ṣàfíù, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Òun ló yẹ kó sá eré yíká pápá lẹ́ẹ̀mejì fún Ìlọrà. Wọ́n pè é, pè é, kò gbọ́. Ìgbà tó máa gbójú sókè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré lọ.

Ọmọ náà sunkún láti Fìdítì dé Ìlọrà. Kò bú bàbá rẹ̀, kò sì bínú sí i lójú. Ohun tó sọ ò ju, "Bàbá mi, wáyà yín ló já." Èébú ì bá sàn fún Ṣàfíù.

Nígbà tí ọdún 1992 fi máa wọlé, Haneefah ti dé kíláàsì àṣekágbá. Ìdánwò wáẹ̀kì ló kù, ilé ẹ̀kọ́ parí, eré ìje náà sì parí. Bí kò bá sáré lọ́dún náà, kò ní sí ọdún mìíràn. Ṣàfíù mọ èyí dáadáa, ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ kó sùn bó ṣe yẹ.

Ló bá pinnu pé wáyà kankan ò ní la pápá kọjá mọ́. Ó fi èédú ya pápá náà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń yà á, ó ń pa á rẹ́. Ó lọ sí Ìbàdàn, ó ra máìkì tí kò ní wáyà, irú èyí tó ń ju ohùn sínú afẹ́fẹ́ tí rédíò lásán á sì gbà á. Ètò rẹ̀ ni pé kí rédíò kékeré kan wà lórí tábìlì ní igun kọ̀ọ̀kan, kí ó so ó mọ́ ampilifáyà àti bátìrì mọ́tò, kí sípíkà ẹlẹ́nu gbàgàdà bíi ti mọ́ṣáláṣí sì máa ké e jáde. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Tíṣà Obadiah lọ, ọmọ Fìdítì tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré ìdárayá, tó sì máa ń kéde lọ́jọ́ eré.

Tíṣà yí máìkì náà wò síwá sẹ́yìn. "Ọ̀gá Ṣàfíù, ṣé kì í ṣe pé wọn á máa gbọ́ mi ní Ìbàdàn?"

"Kò lágbára tó yẹn, Tíṣà. Pápá yìí náà ló mọ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré, wọ́n dán an wò. Tíṣà ń rìn kiri, ó ń sọ̀rọ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń dá a lóhùn ketekete. Kò sí ẹ̀dá kankan lórí pápá yàtọ̀ sí wọn, àfi ewúrẹ́ mélòó kan. Ṣàfíù délé, ó jẹun yó, ó tún bá Àlàkẹ́ ṣe àwàdà, èyí tó ya obìnrin náà lẹ́nu. Ó sì yẹ kó ti ronú sí ọ̀rọ̀ àwọn ewúrẹ́ yẹn.

Ọjọ́ kejì, èrò dé. Ọ̀kadà ń já wọn sílẹ̀ láti Akínmọ̀ọ́rìn, mọ́tò akẹ́rù ń gbé wọn bọ̀ láti Ìmínì. Àwọn ará Ìlọrà ya bo igun máńgòrò, wọ́n fẹ́ wà nítòsí ọmọ wọn. Kò pẹ́ tí Ṣàfíù tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà fi ṣàkíyèsí pé igun mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀. Ìkẹrin ń ṣe ṣàà, bí epo tó ń hó nínú agbada.

Ó fi èjìká la èrò kọjá débẹ̀. Bátìrì dára, gbogbo ìsopọ̀ le dáadáa. Ó gbé rédíò sókè kó lè wo ẹ̀yìn rẹ̀, ni ohùn Tíṣà bá jáde gedegbe. Ó gbé e sílẹ̀, ó di ṣàà. Ó tún gbé e sókè, ohùn tún jáde. Ìgbà náà ló tó wo iwájú tábìlì. Èèyàn kún ibẹ̀ bámúbámú, àwọn mìíràn tún gbé ọmọ lé èjìká. Ara wọn ló ń dí ohùn náà lọ́nà. Pápá tó ṣófo ló ṣètò fún, òun tó ti ń fi sípíkà pe èrò jọ láti ọjọ́ yìí wá. Ojú tì í.

Haneefah wà lẹ́yìn tábìlì pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin yòókù. Ó ti rí i.

"Bàbá mi, ṣé wáyà tún ti já ni?"

"Kò sí wáyà tó máa já."

"Kí ló wá ṣe é?"

Ṣàfíù yíjú sí èrò. Ó bẹ àwọn tó wà níwájú pé kí wọ́n jókòó díẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n tún kọjú sí pápá. Ta ló ń jókòó lọ́jọ́ eré? Ló bá bọ́ bàtà, ó ki bùbá bọ inú ṣòkòtò, ó sì gun igi máńgòrò, òun tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó tún yọkùn, rédíò lápá kan, wáyà rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé e láti orí ampilifáyà.

"Bàbá Haneefah, máńgòrò ò tíì pọ́n o!" Ẹ̀rín ta ní gbogbo igun náà.

Ṣàfíù ń gùn lọ. Ó fi ọwọ́ kan dì mọ́ ẹ̀ka, ó ti rédíò gba àárín ewé títí tó fi yọ sí gbangba, ni sípíkà ìsàlẹ̀ bá là: "Àwọn ọmọbìnrin tó máa yíká pápá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jáde o! Haneefah Ṣàfíù, Ìlọrà!"

Ìpè àkọ́kọ́ nìyẹn. Kí Tíṣà tó pe ẹlòmíràn, Haneefah ti fò dìde. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e.

Ṣàfíù gbìyànjú láti fi rédíò há ẹ̀ka kó lè sọ̀ kalẹ̀ lọ wòran. Ṣàà. Ó wo ìsàlẹ̀, bóyá ẹnì kan á bá a mú un, gbogbo òǹwòran ti sáré lọ sẹ́bàá ìlà, wọ́n tún dí iwájú tábìlì. Àwọn ọmọkùnrin Ìmínì ṣì wà lábẹ́ igi tí wọ́n ń retí ìpè tiwọn. Ó tún na rédíò síta. Ewé ló wà níwájú rẹ̀, kò rí nǹkan kan, ohùn Tíṣà tó ń ti sípíkà ìsàlẹ̀ bọ̀ nìkan ló ń gbọ́: Akínmọ̀ọ́rìn ló ṣáájú, Ìlọrà wà lẹ́yìn, Ìlọrà ń bọ̀, ẹ wo ọmọ yìí bó ṣe ń bọ̀! Apá rẹ̀ ti kú típẹ́. Akínmọ̀ọ́rìn ló gba ipò kìíní. Haneefah ṣe ipò kejì, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú Ṣàfíù, ó sì dùn mọ́ ọn pé kò sí ẹni tó rí i láàárín ewé.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ń mí hẹlẹ, eruku dé orúnkún rẹ̀.

"Bàbá mi, ṣé ẹ rí mi?"

"N ò rí ẹ o. Ewé ò jẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Haneefah wo apá tí bàbá rẹ̀ ṣì fi ń na rédíò síta. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ọmọkùnrin tó jókòó sí ìdí igi.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Bàbá mi. Àwọn ará Ìmínì ò tíì sáré."

Ó bọ́ bàtà, ó gun igi náà, ó sì gba rédíò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.