Oògùn Oorun Bàbá Kò-ní-rún

Alágbàfọ̀ ni bàbá kan, Kò-ní-rún ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é, torí bó bá ti na aṣọ sí oníbàárà, á ní: "Jókòó bó o ṣe fẹ́, kò ní rún." Òun á lọ aṣọ, ìyàwó rẹ̀ á ká a, wọ́n á sì máa bára wọn jiyàn títí wọ́n á fi ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí àìsàn ọkàn mú ìyàwó náà lọ, oorun bá a lọ. Ojú bàbá pọ́n bí ata.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gbé ike oògùn kan wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, melatónì ni wọ́n ń pè é. Ẹ lò ó, kẹ́ ẹ lè sinmi."

"Ṣé kò ní di bárakú? Mi ò fẹ́ fọwọ́ ara mi yan ọ̀gá lé ara mi lórí."

"Èmi náà ń lò ó. Ṣé mo ti ya wèrè ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì, ó sì sùn. Lójú àlá, ó rí ìyàwó rẹ̀ nídìí tábìlì, tó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń bú u bíi tàtẹ̀yìnwá. Ẹ̀rín ló fi jí. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ tutù. Ẹkún tó sun láàárọ̀ ọjọ́ náà ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ.

Ẹlòmíì ì bá sá fún un. Bàbá fi kún oògùn náà ni. Nígbà tó yá, bó bá jẹun ọ̀sán tán, á lo òmíì, á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oògùn ṣì wà lójú rẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ ìgbéyàwó ọmọbìnrin kan. Ó tòògbé lórí ìdúró. Èéfín ni aránbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí tó fi já wọlé: "Bàbá! Iná o!" Áyọ́ọ̀nù ti jó àyà aṣọ náà lu. Nígbà tí ìyàwó ojú ọ̀nà dé, ó kàn káwọ́ lérí. Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó lè bí.

Ìgbà yẹn ni ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un lọ sọ́dọ̀ apòògùn. Apòògùn yẹ ike náà wò.

"Bàbá, ẹ tún ń lo oògùn míì?"

"Èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi dì."

"Háà! Ẹ ò bi dókítà yín kẹ́ ẹ tó pa wọ́n pọ̀? Ó lè mú kẹ́jẹ̀ máa dà ju bó ṣe yẹ lọ."

"Èrìgì mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀," bàbá fèsì wẹ́rẹ́. Ọmọ rẹ̀ dì í lápá mú.

"Ṣé ó ti di bárakú sí wọn lára ni?" ọmọ náà béèrè.

"Rárá, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe irú ẹ̀ tílẹ̀ bá ṣú. Níwọ̀nba, fúngbà díẹ̀, kì í sábà pa èèyàn lára, àfi kó fa orí fífọ́, òòyì tàbí àlá tó le. Ti lílò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ò tíì mọ̀ tó. Bàbá, tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, ara yín ò ní bá yín jà. Àmọ́ kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń lò ó lọ́sàn-án?"

Bàbá fi àgbọ̀n júwe ọmọ rẹ̀.

"Ìyá ẹ̀ ni. Ojú àlá ni mo ti ń rí i."

Apòògùn gbé fóònù, ó pe dókítà bàbá.

Bàbá kó oògùn oorun náà dà nù. Lóòótọ́, ara rẹ̀ ò gbọ̀n, kò sì bá a jà. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èrìgì rẹ̀ san. Oorun náà padà, díẹ̀díẹ̀, ó ń já bí òwú tó ti gbó. Ìyàwó rẹ̀ ni ò wá mọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ gbé tíì wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá mi, ṣé ẹ sùn?"

"Mo sùn, ọmọ mi. Mi ò rí ẹnikẹ́ni."

Ọmọ náà gbé ife sílẹ̀, ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì jọ ń sunkún títí oníbàárà fi kan ilẹ̀kùn.