Wọn Ò Fipá Mú Mi

Ọwọ́ Àyànbùnmi yá níbi ẹ̀gẹ́ bíbó ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní Lálùpọn, àmọ́ ọwọ́ tó yá yẹn náà ló kó bá a. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, ní abúlé kan lápá Ọ̀nà-Àrà. Nígbà tí Màmá Dọ̀tun, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ gàrí, wá mú un, ohun tó sọ fún ìyá náà ni pé, "Ẹ fi í fún mi, màá tọ́jú ẹ̀ bí ọmọ mi." Ọmọ kẹ̀! Kò tíì mọlé tán tí wọ́n fi gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní fóònù kì í jẹ́ kéèyàn gbájú mọ́ṣẹ́. Géètì ò sì í ṣí àfi fún ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹnu dẹ́rẹ́bà tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá ló ti gbọ́ pé ìyá òun ṣubú, pé apá kan ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó kúnlẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lọ wò wọ́n, màá padà wá."

Màmá Dọ̀tun ní, "Ta ló máa bó gbogbo èyí tó wà nílẹ̀? Jẹ́ kí ẹlòmíì dé ná." Ẹlòmíì wo? Kò ránṣẹ́ pe ẹnì kankan.

Àsìkò yẹn ni ìjọba ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ra gàrí wádìí ibi tó ti ń wá, kó má lọ jẹ́ òógùn ẹni tí wọ́n há mọ́ṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà ṣe rán Ṣeunfúnmi wá láti Ìbàdàn láti wá wádìí nìyẹn. Ọmọ gidi ni, ẹ má bú u. Ó ní kí Màmá Dọ̀tun bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá rọra bi Àyànbùnmi pé, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé wọ́n ń fipá mú yín níbí?"

Yéè! Lábúlé Àyànbùnmi, tí wọ́n bá ti ní wọ́n fipá mú obìnrin, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Kò lè gbójú sókè mọ́.

"Rárá o, mà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Wọn ò fipá mú mi."

Ṣeunfúnmi dúpẹ́. Àyànbùnmi ń retí ìbéèrè míì, kó lè rọra dárúkọ ìyá ẹ̀. Kò lè fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì, ẹ̀bà Màmá Dọ̀tun ló sì jẹ kó tó bọ́ síta. Wọn ò bi í mọ́. Ọkọ̀ Ṣeunfúnmi lọ.

Dẹ́rẹ́bà yẹn náà ló padà wá sọ fún un pé wọ́n ti sin ìyá ẹ̀. Ẹkún tó sun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n sọ ọ́! Àwọn ará àdúgbò gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri, àwọn ni wọ́n pe Ṣeunfúnmi padà.

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ bi mí bóyá wọ́n fipá mú mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin lẹ̀ ń sọ. Ká ní ẹ bi mí pé ṣé wọ́n á jẹ́ kí n lọ wo ìyá mi ni, ǹ bá ti sọ."

Ṣeunfúnmi bú sẹ́kún. Wọ́n ti ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu. Ó nu ojú, ó ní, "Ẹ wọkọ̀, Àǹtí. A máa gbé yín délé."

Àyànbùnmi wo ojú ọ̀nà títí. Ó ní, "Ta ló wà níbẹ̀?"